Bí Àgbà Olùwádìí Ṣe Lè Tọrọ Owó Ìwádìí ní Òkè Òkun

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú Ẹgbẹ́ ní ìpàdé oṣù tí ó kọjá

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ ní kí a sọ̀rọ̀ lórí bí ọmọ Yorùbá ṣe lè rí owó gbà ní òkè òkun fún iṣẹ́ ìwádìí. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí lè rò pé àwọn ọ̀dọ́ ni a wá bá wí. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù lọ ni àwọn tí irun wọn ti ń funfun: àwọn tí wọ́n ti gba oyè ọ̀mọ̀wé, tí wọ́n ti kọ́ni fún ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí àpótí wọn kún fún ìwé tí a kò ì tí ì tẹ̀, tí wọ́n sì ti pinnu nínú ọkàn ara wọn pé àkókò ti kọjá. Púpọ̀ nínú wọn jókòó nínú gbọ̀ngán yìí. Àkókò kò tí ì kọjá fún gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ó ń kọjá lọ fún àwọn kan láìmọ̀, ìdí nìyí tí a fi gbà láti wá.

Ẹ jẹ́ kí a ya ohun méjì sọ́tọ̀ ná. Skọ́láṣíìpù ni owó tí a ń fún akẹ́kọ̀ọ́ kí ó lè lọ kọ́ ohun tí kò mọ̀. Èyí tí a ń sọ lónìí, tí àwọn Òyìnbó ń pè ní fẹ́lóṣíìpù, jẹ́ owó tí a ń fún ẹni tí ó ti mọ iṣẹ́ kan, kí ó lè ráyè ṣe é parí níbi tí ohun èlò rẹ̀ wà. Akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ bí ọmọ iṣẹ́. Olùwádìí ń lọ bí oníṣọ̀nà tí ó gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dání lọ sí ilé oníṣọ̀nà ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ méjèèjì yóò fi ohùn ọmọ iṣẹ́ kọ ìwé ìtọrọ, àwọn tí ó bá sì kà á yóò rò pé ọmọ iṣẹ́ ni lóòótọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí ìtàn Nehemáyà nínú Ìwé Mímọ́. Agbọ́tí ọba ni ní ilẹ̀ àjèjì, ògiri ìlú àwọn baba rẹ̀ sì ti wó lulẹ̀. Nígbà tí ọba bi í léèrè ohun tí ó ń fẹ́, kò sọ pé ohunkóhun tí ó bá wu ọba ni kí ó fún òun. Ó sọ ìlú tí ó fẹ́ tún kọ́. Ó dá ìgbà tí òun yóò padà. Ó tọrọ ìwé sí àwọn baálẹ̀ òkè odò kí wọ́n lè jẹ́ kí òun kọjá, ó sì tọrọ ìwé mìíràn sí Ásáfù, olùṣọ́ igbó ọba, fún igi. Ó mọ orúkọ ẹni tí igi wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì mọ ibi tí òun yóò lo igi náà sí: ẹnu ọ̀nà, odi ìlú, àti ilé tí òun fúnra rẹ̀ yóò gbé. Àwa ti ka ìwé ìtọrọ àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ wa kì í ṣe díẹ̀. Èyí tí ó bá yè nínú wọn kì í sábà jìnnà sí ọ̀nà Nehemáyà. Èyí tí ó bá kú, ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí ni a kì í rí nínú rẹ̀: iṣẹ́ gan-an, àkókò, ìwé àṣẹ, tàbí orúkọ Ásáfù.

Ọkùnrin kan wà tí ó yẹ kí gbogbo ọmọ Yorùbá mọ̀ ju bí a ti mọ̀ ọ́n lọ, Lorenzo Dow Turner. Aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà ni. A bí i ní ọdún 1890 ní ìpínlẹ̀ North Carolina, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Chicago ní ọdún 1926. Olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1929, nígbà tí ó lọ kọ́ni ní àkókò ìsinmi ní South Carolina, ó gbọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ń sọ èdè Gullah, èdè àwọn aláwọ̀ dúdú tí ń gbé etíkun South Carolina àti Georgia. Àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà náà ti dá ẹjọ́ èdè yìí tán: wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì tí a sọ bàjẹ́ ni, pé ohun Áfíríkà tí ó wà nínú rẹ̀ kò tó ohun tí à ń kà. Turner kò gbà. Ìbéèrè kan wọ inú rẹ̀ ní ọdún náà, ìbéèrè náà ni ó sì gbé e káàkiri ayé fún ohun tí ó ju ogún ọdún lọ.

Ẹ wo bí ó ti tọrọ. Ó kọ́kọ́ gba ìrànwọ́ lọ́wọ́ American Council of Learned Societies láti lọ sí àárín àwọn Gullah kí ó sì gba ohùn wọn sílẹ̀. Níbẹ̀ ni ó ti rí i pé ènìyàn kan a máa jẹ́ orúkọ méjì, ọ̀kan fún ilé ẹ̀kọ́ àti àlejò, ọ̀kan fún ilé. Àwọn orúkọ ilé wọ̀nyí ni ó sì kún fún èdè Áfíríkà, tí Yorùbá wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n kò gbọ́ àwọn èdè náà tó láti lè fi ìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀. Nítorí náà ni ó fi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1936, sí School of Oriental Studies, láti lọ kọ́ nípa àwọn èdè Áfíríkà. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni nígbà náà, olùkọ́ àgbà, ó sì tún jókòó sórí àga akẹ́kọ̀ọ́. Ní ọdún 1940, pẹ̀lú owó Rosenwald Fund, ó lọ sí Bahia ní ilẹ̀ Brazil, ó gba orin àti ọ̀rọ̀ àwọn tí a kó àwọn baba wọn lẹ́rú láti ọ̀dọ̀ wa. Ó tẹ ìwé ńlá rẹ̀, Africanisms in the Gullah Dialect, jáde ní ọdún 1949. Lẹ́yìn èyí, ní ọdún 1951, ó gba owó Fulbright, tí a fi òfin gbé kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1946, ó sì wá sí Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Ìbàdàn. Ó ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún, ó sì ń gbé ẹ̀rọ kiri, ó ń gba àlọ́, òwe àti orin wa sílẹ̀.

Ìtọrọ kọ̀ọ̀kan dúró lórí èyí tí ó ṣíwájú rẹ̀, bí ẹni tí ń gun àkàbà. Ohun tí Turner rí láàárín àwọn Gullah ni ó gbé e lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tí ó kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó jẹ́ kí etí rẹ̀ là ní Bahia. Bahia àti ìwé rẹ̀ ni ó gbé e dé Ìbàdàn. Àwọn kan nínú wa ń ṣe òdìkejì èyí. Wọ́n gbọ́ pé owó wà fún ìmọ̀ nípa ojú ọjọ́, wọ́n kọ̀wé lórí ojú ọjọ́. Lọ́dún tí ó tẹ̀lé e wọ́n gbọ́ pé owó wà fún ọ̀rọ̀ ìlera, wọ́n di olùwádìí ìlera. Ènìyàn kò lè gun àkàbà tí ó ń pààrọ̀ ní ọdọọdún.

Ní ti òfin ọjọ́ òní, ẹ jẹ́ kí a mú àjọ méjì tí ojú wa tó. Èkínní ni Alexander von Humboldt Foundation ti ilẹ̀ Jámánì, tí a kọ́kọ́ dá sílẹ̀ ní ọdún 1860 lẹ́yìn ikú ẹni tí ó ni orúkọ náà, tí a sì tún gbé dìde ní ọdún 1953 lẹ́yìn ogun. Wọ́n pín àwọn tí ń tọrọ sí ìpele méjì, ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè, àti ẹni tí iṣẹ́ ti mọ́ lára. Fún ẹni kejì yìí, oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ọdún 12 lọ. Èkejì ni owó ìwádìí tí àwọn ìjọba Yúróòpù pawọ́pọ̀ gbé kalẹ̀ ní orúkọ Marie Skłodowska-Curie. Láti ọdún 2021, ọdún 8 lẹ́yìn oyè ni wọ́n fi lélẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọdún tí ènìyàn fi ṣe iṣẹ́ tí kì í ṣe ìwádìí, àti ìgbà tí ó fi dúró ti ọmọ titun, a kì í kà wọ́n mọ́ ọn bí ẹ̀rí bá wà.

Ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa: láti ọjọ́ oyè ni a ń ka ọdún, kì í ṣe láti ọjọ́ ìbí. Ní ilẹ̀ wa, olùkọ́ a máa kọ́ni ná, a tọ́ ọmọ, a rán àbúrò lọ sí ilé ẹ̀kọ́, kí ó tó ráyè kàwé tirẹ̀. Ẹni tí ó bá gba oyè ní ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta, ọ̀nà Humboldt ṣí sílẹ̀ fún un títí di ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Kò sí ìdí fún un láti máa pe ara rẹ̀ ní arúgbó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gba oyè ní ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, tí ó sì ń sọ pé òun yóò tọrọ bí ọmọ bá ti dàgbà díẹ̀, ọdún rẹ̀ ń tán lọ bí epo inú fìtílà.

Àwa kò ní fi ohun tí a rò nípa òfin yìí pamọ́. Bí a bá fi ọdún 12 náà wọn Turner, ilẹ̀kùn ìbá ti sé mọ́ ọn ní ọdún 1938, kí ó tó dé Bahia, àti tipẹ́tipẹ́ kí ó tó dé Ìbàdàn. Iṣẹ́ tí ó mú orúkọ rẹ̀ dúró, lẹ́yìn ọdún náà ni ó so èso. Àwọn tí ń ṣe irú òfin báyìí ń ro ti ilẹ̀ tí olùwádìí ti ń rí ìwé kà láti kékeré, tí ẹ̀rọ sì wà ní àrọ́wọ́tó rẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Ó yẹ kí Ẹgbẹ́ bí irú tiwa máa sọ èyí sókè. Fún ẹni tí ó ti kọjá ààlà ọdún, Humboldt ní ẹ̀bùn ńlá mìíràn, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọrọ rẹ̀. Ọ̀mọ̀wé tí ó wà ní Jámánì ni yóò dárúkọ rẹ̀ fún wọn. Èyí tún mú wa padà sọ́dọ̀ Ásáfù.

Ta ni Ásáfù yín? Òun ni ọ̀mọ̀wé tí yóò gbà yín lálejò, nítorí pé nínú àjọ méjèèjì yìí, ẹni tí kò bá ní olùgbàlejò kò tí ì bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ẹni tí orúkọ rẹ̀ tóbi jù ni kí ẹ wá, bí kò ṣe ẹni tí igi yín wà nínú igbó rẹ̀. Ẹni tí ó ń wádìí ìtàn Ìjọ láàárín wa yóò wo ìhà Yunifásítì Birmingham, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ìwé àtijọ́ CMS wà, lẹ́tà àwọn míṣọ́nárì àti ti àwọn òjíṣẹ́ tí í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Ẹni tí ó ń wádìí iṣẹ́ ọnà Ifẹ̀ yóò wo ìhà Frankfurt, níbi tí ilé ẹ̀kọ́ tí ń jẹ́ orúkọ Leo Frobenius wà. Ọkùnrin yìí dé Ifẹ̀ ní ọdún 1910, ọ̀nà tí ó sì gbà kó nǹkan níbẹ̀ kò tíì dùn mọ́ wa nínú títí di òní, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń wá ohun tí ó sọnù kò lè yẹra fún ilé tí ìròyìn rẹ̀ wà. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ àwọn ayàwòrán Òṣogbo àti irú wọn kò ní gbàgbé Iwalewahaus ní Bayreuth, tí Ulli Beier dá sílẹ̀ ní ọdún 1981.

Nígbà tí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ kọ̀wé sí i. Níhìn-ín ni àwọn ènìyàn wa ti ń ṣubú jù. Irú lẹ́tà tí a ń rí nìyí: ìlà mẹ́wàá àkọ́kọ́ fi ìyìn fún ọ̀jọ̀gbọ́n náà, ìlà mẹ́wàá tí ó tẹ̀lé e sọ̀rọ̀ ìṣòro ilẹ̀ wa, iná tí kò dúró, owó oṣù tí kò tó, ìlà ìkẹyìn sì sọ pé òǹkọ̀wé ṣe tán láti ṣiṣẹ́ lórí ohunkóhun tí ọ̀jọ̀gbọ́n bá fẹ́. Ẹni tí ó ti ṣe ìwádìí fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ó sì sọ pé ohunkóhun ni òun lè ṣe, ó ti jẹ́rìí pé òun kò ní iṣẹ́ kan lọ́wọ́. Lẹ́tà tí ó dára kì í ju ojú ìwé kan lọ. Ó sọ ohun tí ẹ ti rí. Ó sọ ohun tí ó kù tí ẹ kò lè rí ní ilé. Ó sọ ohun tí ó wà lọ́wọ́ ẹni náà tí ó lè mú un hàn. Ó sọ iye oṣù. Ẹ so ìwé yín méjì tí a ti tẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ rántí pé òun náà yóò kọ ìwé ti ara rẹ̀ sí ìgbìmọ̀ nítorí yín, kò sì ní rí nǹkan kọ bí ẹ kò bá fún un ní nǹkan. Ẹ fún un tó oṣù mẹ́fà. Ẹ má sì kọ lẹ́tà kan náà sí ogún ènìyàn; àwọn ọ̀mọ̀wé a máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ ju bí ẹ ti rò lọ.

Ọ̀rọ̀ ìrẹ̀lẹ̀ tún wà níbẹ̀. A kọ́ wa láti kékeré pé ọmọ dáadáa kì í fi ẹnu ara rẹ̀ yin ara rẹ̀. Nítorí náà ni olùkọ́ tí ó gba ìtàn orílé ọgọ́rùn-ún sílẹ̀ ní abúlé fi ń kọ ọ́ pé òun ṣe “ìwọ̀nba ìwádìí díẹ̀.” Ẹlòmíràn ẹ̀wẹ̀ a da oríkì ara rẹ̀ sílẹ̀: oyè ìlú, oyè ìjọ, alága ìgbìmọ̀ yìí, baba ìsàlẹ̀ ẹgbẹ́ yẹn. Méjèèjì kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹ̀rí ni ìgbìmọ̀ ń fẹ́. Bí ẹ bá gba ìtàn orílé ọgọ́rùn-ún, ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà bẹ́ẹ̀: ọgọ́rùn-ún, ìlú báyìí, ọdún báyìí, ibi tí wọ́n wà nísinsin yìí. Kì í ṣe ìgbéraga láti sọ òtítọ́ iye.

Ẹ sì rántí pé ẹni tí yóò ka ìwé yín lè má tilẹ̀ gbọ́ orúkọ Ifá rí. Humboldt kò ya iye kan sọ́tọ̀ fún ilẹ̀ kan tàbí fún ẹ̀ka ìmọ̀ kan. Bí iṣẹ́ bá ti rí ni wọ́n ń wò ó. Àwọn ti Marie Skłodowska-Curie ń fi ìdá 50 nínú 100 fún ìjìnlẹ̀ iṣẹ́ náà, 30 fún èrè tí yóò ti inú rẹ̀ wá, 20 fún ètò bí a óò ti ṣe é, ojú ìwé 10 péré ni wọ́n sì fi sílẹ̀ fún gbogbo rẹ̀. Wọn kì í tún gba ẹni tí ó ti gbé ilẹ̀ tí ó fẹ́ lọ fún ohun tí ó ju oṣù 12 lọ láàárín oṣù 36 tí ó ṣíwájú. Ní ọdún 2024, ìwé ìtọrọ 10,360 ni ó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ènìyàn 1,696 ni wọ́n fún. Nítorí náà, bí ìwé yín bá padà láìsí owó, kì í ṣe ìtìjú, ẹ̀yin àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀mọ̀wé ayé ni. Ẹ ka ohun tí àwọn onídàájọ́ kọ, ẹ tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìkánjú kọ ọ́ ní ìgbà àkọ́kọ́, nítorí ìwé tí máàkì rẹ̀ bá kéré jù, ẹni kan náà àti ilé ẹ̀kọ́ kan náà kò lè gbé e padà wá ní ọdún tí ó tẹ̀lé e.

Ohun tí ń dá àwọn olùkọ́ wa dúró jù, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń sọ fún wa, kì í ṣe ìwé kíkọ, bí kò ṣe àyè. Ta ni yóò kọ́ kíláàsì? Ta ni yóò dúró nínú pẹpẹ? A mọ ilé ẹ̀kọ́ kan tí a kò ní dárúkọ, tí olùkọ́ gba owó tán tí àwọn aláṣẹ sì kọ̀ láti yọ̀ǹda rẹ̀, títí owó náà fi bọ́. Ní ti èyí, òfin Humboldt dára ju bí ọ̀pọ̀ ti mọ̀ lọ. Oṣù 6 sí 18 ni wọ́n ń fún àgbà olùwádìí, ó sì lè pín in sí ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ọdún 3, bí ẹ̀ẹ̀kan kò bá ti dín ní oṣù 3. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi èyí sí ẹ̀gbẹ́ ìgbà ìsinmi ilé ẹ̀kọ́ yín kí ẹ wò ó. Bákan náà, kò sí ọjọ́ kan pàtó tí wọ́n ń ti ìwé mọ́; ẹ lè fi ránṣẹ́ nígbàkúùgbà, ìgbìmọ̀ a sì máa jókòó ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún. Ẹ kọ́kọ́ bá àwọn aláṣẹ yín sọ̀rọ̀, kí ẹ sì gba àdéhùn wọn ní kíkọ kí ìwé tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ìwé sí àwọn baálẹ̀ òkè odò nìyẹn.

Ẹnìkan lè bi wá léèrè pé kí ni gbogbo làálàá yìí wà fún. Àlùfáà Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní ọdún 1897, ó fi ránṣẹ́ sí ìlú Òyìnbó, ìwé náà sọnù. Ó kú ní ọdún 1901 láìfi ojú kàn án ní títẹ̀. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó tún un kọ láti inú àwọn ìwé tí ó fi sílẹ̀, ó sì di ọdún 1921 kí a tó tẹ̀ ẹ́. Nathaniel Fadipe gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1939 pẹ̀lú ìwé ńlá kan lórí ìgbé ayé Yorùbá. Ọdún márùn-ún péré ni ó ní lẹ́yìn oyè náà, nínú ogun. Ó kú ní ọdún 1944, iṣẹ́ rẹ̀ sì dúró di ọdún 1970 kí a tó tẹ̀ ẹ́ ní Ìbàdàn. Ìran kan odindi kàwé, ó kọ́ni, ó sì kú, láìrí i kà. Àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé oyè ni ìwé ń di ìwé, àwọn ọdún náà ni irú owó yìí wà fún.

A ní ẹ̀bẹ̀ kan sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni tí Ẹgbẹ́ bá ràn lọ́wọ́: kí ó mú ẹ̀dà bọ̀ wá sílé. Ohùn tí Turner gbà sílẹ̀ ní Bahia wà ní Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ dáadáa, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ó tọ́ kí ọmọ kíláàsì wa lè gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ láìkọ́kọ́ kọ̀wé sí òkè òkun. Ẹ kọ ọ́ sínú ètò iṣẹ́ yín láti ìbẹ̀rẹ̀, pé ẹ̀dà kan yóò wà ní ilé ẹ̀kọ́ báyìí ní ilẹ̀ Yorùbá. Ìgbìmọ̀ kì í bínú sí i; èrè iṣẹ́ tí wọ́n ń béèrè ni.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ ti gbà láti ṣí ìwé kan tí olúkúlùkù yóò kọ orúkọ rẹ̀ àti ọdún tí ó gba oyè sí, kí a lè mọ ẹni tí ọdún rẹ̀ súnmọ́ òpin, kí a sì kọ́kọ́ dojú kọ tirẹ̀. Àwa àti olùkọ́ méjì mìíràn yóò máa jókòó ní Sátidé kejì oṣù, lẹ́yìn ìpàdé, láti ka lẹ́tà àti ètò iṣẹ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá mú un wá. Ẹ mú ẹ̀dà méjì wá, ọ̀kan fún wa láti kọ nǹkan sí, ọ̀kan tí yóò wà lọ́wọ́ yín.